Ojú Ewé Kẹtàlélógójì

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá: ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé jáde náà, Mummy tó kọ ìwé tó wà lọ́wọ́ wa, àti èmi. Mo mọ aago náà dáadáa nítorí pé mo wo ara ògiri nígbà tí Mummy ń ṣí báàgì wọn. Bí ẹnìkan bá wọlé láìkí èèyàn tán, tó sì ń ṣí báàgì, mo máa ń wo aago. Ní ọjà tí mo ti wá, bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni aago mélòó ló lù.

Bébà kan ni wọ́n mú jáde. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nà án. Èédú ti kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ó sì ti rún. Síbẹ̀ ó ṣeé kà. Ojú ewé kẹtàlélógójì ìwé Mummy ni, ìwé tí kò tíì jáde, tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tíì rí lẹ́yìn àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ìkọ̀wé Mummy fúnra wọn wà ní etí rẹ̀, bírò pupa.

"Èwo nínú yín ló ń jẹ bọ̀ọ̀lì?"

Ọ̀gá wo bébà náà, ó wò mí.

"Èmi ń jẹ ẹ́," ni Mummy wí. "Lánàá, ní ìyànà Kétu, mo ra méjì pẹ̀lú ẹ̀pà. Mo jẹ ẹ́ tán, mo ní kí n fi bébà nu ọwọ́, mo rí ìkọ̀wé ara mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń tàn mí."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, mà."

"Mi ò jókòó. Ìwé mi àkọ́kọ́, olè ló tẹ̀ ẹ́ kí tèmi tó jáde. Abẹ́ afárá ni mo ti rí i, wọ́n tò ó sílẹ̀ bí ẹja, orúkọ mi ò sí lára rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ẹ kí n tó gbé èyí wá. O ní kí n fọkàn balẹ̀. O ní kò sí ojú kejì tí yóò rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ, mà."

"Ojú oníbọ̀ọ̀lì ńkọ́? Ojú ẹlẹ́pà ńkọ́?"

Mummy ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, Alápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ohùn wọn sì ṣì jẹ́ ohùn ẹni tó ń bá igba ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ìlà.

"Mo fún yín di ọ̀la. Ẹni tó gbé e jáde, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kó ìwé mi fún mi."

Wọ́n bínú jáde débi pé ìborùn wọn bọ́ sílẹ̀ tí wọn kò mọ̀. Mo ṣà á, mo tẹ̀ lé wọn dé àtẹ̀gùn. Wọ́n gbà á, wọ́n wò mí lójú.

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tuntun yìí."

"Èmi kọ́, mà."

Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ọkàn tó mọ́.

Oṣù kejì mi nìyẹn níbi iṣẹ́ náà, ní Ìkòsì. Oṣù mẹ́ta ni ọ̀gá fi fẹ́ dán mi wò kó tó mọ̀ bóyá òun yóò gbà mí pátápátá. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, èmi sì ni ọmọ ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Kí n tó dé ibẹ̀, ọdún méjìlélógún ni mo fi rán ẹnu àpò ní ọjà Mile 12. Bí wọ́n bá da àlùbọ́sà sínú àpò tó kún dé ọrùn, èmi ni mo máa ń fi abẹ́rẹ́ gígùn àti okùn pa ẹnu rẹ̀ dé kí ó tó gun ọkọ̀ mìíràn. Mo ti di ẹni ogójì ọdún dín ọ̀kan kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó mi ló tì mí wọ̀ ọ́. Ó fún mi ní ìwé àti bírò, ó ní bí n kò bá lọ, òun ò ní se oúnjẹ. Mo lọ. Ó tó ọdún mọ́kànlá kí n tó parí gbogbo rẹ̀, ó sì ṣojú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tó ti kú.

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ ìwé kò gùn. Ọmọ ẹnìkan nínú ọgbà wa ní Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́yìn Mile 12 ń ka ìwé kan sókè lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń gbọ́. Ewúrẹ́ tí wọ́n tà ní ojú ewé kẹfà tún ń jẹ koríko lẹ́yìnkùlé ní ojú ewé kọkànlá. Mo ní kí ọmọ náà padà sẹ́yìn. Ó padà. Wọ́n ti ta ewúrẹ́ náà lóòótọ́. Mo wo àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn ìwé, mo rí i pé kò jìnnà, mo rìn lọ bá wọn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí.

"Kí lẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀, Daddy?"

"Mo ń rán àpò."

"Olùkọ́ tó kọ ìwé yìí ò rí i. Èmi náà ò rí i. Báwo lẹ̀yin ṣe rí i?"

"Mi ò gba ẹni tó kọ ọ́ gbọ́."

Ohun tó fi gbà mí síṣẹ́ nìyẹn. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ pé olóòtú tó bá gba ìwé gbọ́ ti jáwọ́ nínú iṣẹ́. Ó fún mi ní rúlà, ó ní kí n máa gbé e sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí n máa ka ìlà náà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Kò ṣòro fún mi. Ẹni tó bá pẹ́ ní Mile 12 mọ̀ pé tòmátì tó wà lókè apẹ̀rẹ̀ kọ́ ló wà nísàlẹ̀. Èèyàn á ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

Ìwé Mummy ni iṣẹ́ mi àkọ́kọ́. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà ọ̀gbàrá. Omi máa ń wọ àdúgbò tiwa náà, nítorí náà mo fẹ́ràn ìwé náà, mo sì tún fura sí i. Mo ka iye ìgbà tí ọmọ náà wọ ọkọ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ́ sí etí ojú ewé kẹtàlélógójì: "Báwo ló ṣe délé?" Mummy fi bírò pupa dá mi lóhùn níbẹ̀: "Ọkọ ìyá rẹ̀ gbé e kọ́rùn. O káre."

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a óò tẹ ìwé náà jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ewé kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Pírúùfù là ń pè é. Mummy á mú un lọ sílé, wọ́n á kọ àtúnṣe wọn sí i. Bí wọ́n bá dá a padà, èmi á da gbogbo àtúnṣe náà kọ sórí ẹ̀dà mìíràn tó mọ́, nítorí ìkọ̀wé Mummy máa ń kún ara wọn. Lẹ́yìn náà, èmi á máa kà á sókè, atòwé wa á máa fi wọ kọ̀ǹpútà.

Atòwé yìí ni ẹni kẹta ní ilé iṣẹ́ wa, òun ló ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sójú ewé. Kò tíì tó ogójì ọdún. Kò sí níbi iṣẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà; ó ti lọ wo àwọ̀ èèpo ẹ̀yìn ìwé lọ́dọ̀ àwọn tí yóò bá wa tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo gòkè padà, ọ̀gá ṣì ń wo bébà náà.

"Àwa mẹ́ta péré," ló wí. "Èmi, ẹ̀yin, òun." Ó gbójú wò mí. "Daddy, ẹ ṣe bí ẹni tó ní ohun kan lẹ́nu."

Mo ní i lẹ́nu lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ ni ara mi kò ti gba atòwé náà. Ó máa ń so fíláàṣì mọ́ ọrùn bí àgbélébùú, gbogbo ìwé wa ló sì wà nínú rẹ̀. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, àtẹ̀gùn ló máa ń lọ láti gbé e. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo kọjá lẹ́yìn rẹ̀ tó yára pa ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà dé. Ó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti lè tẹ ìwé oníwèé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó sì máa ń rẹ́rìn-ín jù. Ní ọjà, ẹni tó bá ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ ń ṣírò àpò, àpò ló ń jí.

"Mo rí i lọ́jọ́ Ẹtì," ni mo wí. "Láti ojú fèrèsé. Ó gbé àpò kan jáde gba ẹ̀yìn."

"Àpò báwo?"

"Àpò ńlá. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì."

Mo dákẹ́ síbẹ̀. N kò fi iyọ̀ sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí, mo rí ìdí àpò léjìká rẹ̀, mo sì rí i tó wẹ̀yìn. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé orí.

"Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lóṣù tó kọjá," ló wí. "Mo wà níbi ìsọmọlórúkọ." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí. "Ẹ má sọ ohunkóhun fún un. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ òní parí. Lọ́la, aago mẹ́jọ, màá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, màá sì pe Mummy kí wọ́n wá gbọ́."

Bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ṣe parí nìyẹn, kò sì sí níbẹ̀.

Ó wọlé ní nǹkan bí aago kan, ó ń làágùn, ó gbé èèpo ẹ̀yìn ìwé náà dání. Àwọ̀ rẹ̀ dára. Ó gbé e sókè síwájú ọ̀gá. Ọ̀gá ní ó dára, kò wò ó lójú. Ó gbé e wá bá mi.

"Daddy, ẹ wo omi yìí. Ṣé kò jọ omi Ajégúnlẹ̀?"

"Omi Ajégúnlẹ̀ kì í mọ́ báyẹn."

"Ó ti fọhùn! Bàbá ti fọhùn lónìí!"

A jókòó sídìí iṣẹ́. Mo ń kà, ó ń tẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ ju bí mo ṣe ń wo bébà lọ. Ojú mi sì ń yà sí fíláàṣì tó wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ṣi ìlà kan kà, ó dá mi dúró.

"Ìlà yẹn ò sí níbẹ̀, Daddy. Ẹ ti fo ọ̀kan. Kí ló dé tí ẹ ń wò mí bí ẹni tó jí adìẹ?"

"Mi ò wò ọ́."

"Ẹ ń wò mí. Bí ọmọ mi ṣe ń wò mí lóru nìyẹn, bó bá fẹ́ sunkún." Ó na ara rẹ̀. "Ebi ló ń pa yín. Ẹ jẹ́ n sáré ra bọ̀ọ̀lì wá. Ìyá yẹn kì í gba owó lọ́wọ́ mi nísinsìnyí, ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ìyá wo?"

"Ti ìyànà. Bọ̀ọ̀lì tí a jẹ lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni."

Lóòótọ́, a jẹ bọ̀ọ̀lì lọ́jọ́ Ẹtì. Ó kó o wọlé, ó pín in fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní ọ̀fẹ́ ni. N kò béèrè ohun tó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Nísinsìnyí mo rí ọ̀nà náà gbooro níwájú mi: ó kó ìwé ìkọ̀kọ̀ jáde, ó fi gba bọ̀ọ̀lì, a sì bá a jẹ ẹ́. Ẹni tó lè fi ewé kan gba bọ̀ọ̀lì, kí ni kò ní fi odindi ìwé gbà lọ́wọ́ àwọn olè abẹ́ afárá?

"Jókòó," ni mo wí. "Èmi fúnra mi ni màá lọ."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín yẹn?"

Mo ti dìde.

Mo dé ìyànà ní aago mẹ́rin. Ìyá oníbọ̀ọ̀lì ń fi páálí fẹ́ iná. Obìnrin bí ẹgbẹ́ mi ni, ó so gèlè mọ́ orí, èéfín ti pọ́n ojú rẹ̀. Mo ra méjì. Ó fa bébà kan yọ lábẹ́ tábìlì, kó tó wé e mo ti rí bírò pupa.

"Ẹ dúró. Níbo lẹ ti rí bébà yìí?"

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ ò ní jẹ bọ̀ọ̀lì ni?"

"Màá jẹ ẹ́. Bébà yìí ni mo bèèrè."

"Kí ló ṣe bébà mi lọ́sẹ̀ yìí? Lánàá, ìyá arúgbó kan fẹ́ẹ̀ fi agboòrùn lù mí nítorí bébà. Ó ní òun ló kọ ọ́. Mo ní, màmá, bí ẹ bá kọ ọ́, kí ló dé tí ẹ dà á nù? Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ìjọba lẹ ń bá ṣiṣẹ́ ni?"

"Rárá o. Ọ́fíìsì tó ni bébà náà ni mo ti wá. Ta ló gbé e fún yín?"

"Ha! Ṣé ẹ ń bá Computer ṣiṣẹ́ ni?" Ojú rẹ̀ rọ̀. "Computer ló gbé e wá. Ọmọlúàbí ni ọmọkùnrin yẹn. Ó ní ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ò wá láti ọjọ́ Ọjọ́rú, àpò bébà wà lẹ́nu géètì, òjò ń bọ̀. Ó ní dípò kó jẹrà, kí n máa fi wé nǹkan. Mo fún un ní bọ̀ọ̀lì mẹ́fà. Ẹ wò ó."

Ó wọ́ àpò náà jáde lábẹ́ tábìlì.

Àpò àlùbọ́sà ni. Ó ti fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti máa fa bébà yọ, nítorí náà ẹnu rẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe rán an. Okùn búlúù. Abẹ́rẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójú kan, ó fo ìka mẹ́ta, ó tún wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Kókó rẹ̀ wà ní apá òsì, ó kéré, ó le bí èkùrọ́. Ní gbogbo Mile 12, èmi nìkan ni mo ń rán àpò báyẹn, nítorí ọwọ́ òsì ni mo ń lò, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ nà mí títí, kò sì lè yí i padà.

"Ó ní Daddy kan ní ọ́fíìsì àwọn ló rán an," ni obìnrin náà ń wí lọ. "Ó ní, ẹ wo bó ṣe rán an, bí ẹni pé góòlù ló wà nínú rẹ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń yọ́ gbé e ni, òun ń wẹ̀yìn, nítorí bí bàbá náà bá rí òun, yóò ní òun fúnra òun ni yóò gbé e, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn ún. Ṣé ẹ mọ bàbá náà?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Mo rántí ọjọ́ Ọjọ́rú náà. Mo ti da gbogbo àtúnṣe Mummy kọ tán sórí ẹ̀dà tó mọ́. Inú mi dùn, iṣẹ́ náà mọ́. Mo gbá abẹ́ tábìlì mi. Ìwé ìròyìn àtijọ́, páálí, bébà tí ẹ̀rọ bàjẹ́, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò tí mo mú wá láti ilé, mo sì kó pírúùfù àtijọ́ náà mọ́ ọn. Mo pa ẹnu rẹ̀ dé, mo gbé e sẹ́nu géètì. Ní ọjà, bí a bá ti ṣa ohun rere kúrò, èyí tó kù ìdọ̀tí ni. Kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé a ò tíì ṣà á tán. Ọ̀gá ti sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní pé ohunkóhun tí ọwọ́ òǹkọ̀wé bá ti kàn kò gbọdọ̀ jáde nílé títí ìwé á fi jáde, pé a óò dì í fún un padà nígbẹ̀yìn. Mo gbọ́ ọ. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jí i. N kò mọ̀ pé dídà á nù náà jẹ́ kó jáde.

Mo sì ti dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ní, "Èmi kọ́, mà."

"Bí bébà yìí bá jẹ́ ìjọ̀ngbọ̀n," ni oníbọ̀ọ̀lì wí, "ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síná, kí gbogbo wa sinmi. Mi ò fẹ́ kí ìyá yẹn padà wá."

Iná náà wà níwájú mi, ó pọ́n. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ì bá gbà. Okùn búlúù á jó, kókó á jó. Lọ́la wọn á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, èmi á lo oṣù tó kù, wọn á sì gbà mí. N kò purọ́ mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ohun tí mo rí ni mo sọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bọ̀ọ̀lì kan fi jó lórí ààrò, ìyá náà sì bú mi nítorí rẹ̀.

"Daddy, ẹ súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan jọ̀ọ́! Ẹ dí mi lójú!"

Mo sọdá, mo ra ìdì ìwé ìròyìn àtijọ́ kan, mo fi pààrọ̀ fún un. Mo gbé àpò náà léjìká. Ẹ̀yìn dùn mí. N kò padà sí ọ́fíìsì. Mo fi fóònù sọ fún ọ̀gá pé ara mi kò yá, èyí tí kì í ṣe irọ́. Nílé, kí ilẹ̀ tó ṣú, mo tú bébà náà sílẹ̀, mo to ojú ewé Mummy tẹ̀ lé ara wọn. Ojú ewé mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló yẹ kó jẹ́. Mo rí mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìyókù ti bá bọ̀ọ̀lì lọ.

Aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀gá dé ní aago méje ààbọ̀. Mo gbé àpò náà sórí tábìlì rẹ̀, mo to àwọn ojú ewé náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi kókó okùn náà hàn án.

"Èmi ni."

Kò yé e. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gbà mí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ẹ rí i, Daddy."

"Mo rí i. Àpò mi ló gbé."

Ó jókòó.

"Ẹ ò purọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ nìyẹn." Ó ti àpò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màá ṣàlàyé fún Mummy. Tiyín, ohun tí Mummy bá sọ la máa ṣe, mi ò lè bá yín parọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun," ó tọ́ka sí àga atòwé, "òun ò gbọ́ nǹkan kan. Kò pọn dandan kó gbọ́."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kí n tó lè dáhùn. Ó wọlé, ó kí wa, ó rí àpò.

"Áà! Àpò bọ̀ọ̀lì! Ta ló gbé e padà wá? Daddy, ṣé ẹ fẹ́ gba àpò yín padà ni?"

Mo bọ́ fìlà mi.

"Ojú ewé Mummy wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo kó o sí i. Mummy rí ọ̀kan lọ́dọ̀ oníbọ̀ọ̀lì, wọ́n wá síbí lánàá nígbà tí o kò sí. Ọ̀gá bi mí léèrè. Mo ní mo rí ọ tí o gbé àpò jáde. Òní ni wọ́n fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ó ń rẹ́rìn-ín lọ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tíì dé etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ọ̀gá. Ọ̀gá wo ilẹ̀.

"Lánàá," ló wí. "Nígbà tí a jọ jókòó yẹn. Ẹ ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

"Ẹ rí mi láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ò pè mí."

"Mi ò pè ọ́."

"Ẹ̀ bá pè mí. Ẹ̀ bá kàn yọjú, kí ẹ ní, 'Kí lo gbé yẹn?' Ǹ bá dá yín lóhùn."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì ọ̀gá. Ọ̀gá ní kó mú un padà, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bẹ̀ ẹ́. Kò mú un. Kò sì jáde. Ó lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tàn án, ó kọjú sí i.

"Ojú ewé wo la dé lánàá, sà?"

Kò pè mí ní sà rí.

"Kejìléláàádọ́rin," ni mo wí.

Mo dé fìlà mi. Mo kó ojú ewé mọ́kànlélọ́gọ́ta náà mọ́ àyà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ dúró de Mummy lẹ́nu géètì.